Òkun Inú Ṣọ́ọ̀bù

Tẹlifíṣàn wa àtijọ́ kò kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo.
Ìlà dúdú kan ló kọ́kọ́ là á láàárín
bí ẹni fi ọ̀bẹ la ẹja,
ló bá ń fẹ̀ lójoojúmọ́.
Agbábọ́ọ̀lù kankan kò ní ẹsẹ̀ mọ́ nínú ilé wa.
Obìnrin tó ń ka ìròyìn kò ní ẹnu,
ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn ń dún jáde látinú òkùnkùn.
Eurico ní, "Fi í sílẹ̀, mo ṣì ń gbọ́ ọ."
Ọkọ mi, tí ojú rẹ̀ ti ń rọra tilẹ̀kùn,
kò mọ èwo ni ìlà, èwo ni kùrukùru ojú òun.

Mo tú agolo bisikíìtì dà sórí tábìlì.
Igba yúrò ó lé mọ́kàndínlógún:
owó ṣòkòtò tí mo gé létí fún àwọn ará òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
owó tí ọmọ wa fi ránṣẹ́ láti Lausanne nígbà Kérésì,
àti ṣẹ́ńjì búrẹ́dì tí mo ti ń jí pamọ́ fún ara mi,
tí mo sì mọ olè náà.
Mo wọ bọ́ọ̀sì. Òjò wẹ́wẹ́ ń rọ̀ ní Setúbal,
irú èyí tí kò tó ohun tí à ń ṣí agboòjò sí.

Ẹ wá wo ògiri tẹlifíṣàn!
Gbogbo wọn ń fi òkun kan náà hàn,
òkun aláwọ̀ aró, tó ń dán bí aṣọ tí a kò tíì fọ̀ rí,
ẹja pupa nínú rẹ̀, ẹja oníyẹ́lò,
kò sí ọ̀kan tó ń sá fún ẹnikẹ́ni.
Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi gé orí sadíìnì
ní ilé iṣẹ́ alágolo létí omi,
òórùn rẹ̀ kò tíì bọ́ lọ́wọ́ mi tán.
Mo mọ òkun.
Òkun a máa rí bí omi tí a fi ṣan ìkòkò,
a máa rí bí irin,
bí ojú ẹni tó sunkún mọ́júmọ́.
"Ọmọ, níbo lẹ ti rí eléyìí?"
Telmo, tí orúkọ rẹ̀ wà láyà ẹ̀wù rẹ̀, rẹ́rìn-ín.
Ó nawọ́ sí ńlá kan: irinwó yúrò dín ẹyọ kan.
Mo bi í bóyá wọ́n ń ta ìdajì.
Mo ní ìdajì kan ti wà nílé.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.
Mo fa okùn yọ lápò,
èyí tí mo fi wọn àyè láàárín kọ́bọ́ọ̀dù àti fèrèsé.
Méjì péré ni okùn náà gbà, tí agolo sì gbà:
ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀kan sanra, ẹrù èṣí.
Mo ní kí Telmo pa gbogbo àwọn yòókù lẹ́nu mọ́,
kó fi bọ́ọ̀lù sí méjèèjì.
Mo di ojú mi.

Èyí tẹ́ẹ́rẹ́ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà nínú agolo.
Ta ló tún máa sọ ohùn agolo fún mi?
Èyí sísanra, mo gbọ́ bí ọkùnrin náà ṣe fa èémí
kó tó pariwo góòlù.

Nígbà tí mo lajú, òkun rẹ̀ ti padà,
ó ṣú díẹ̀, ó jọ òkun wa.
Telmo ní òun máa tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe.
Mo ní, "Má fọwọ́ kàn án."
Igba yúrò dín kan. Owó ìfiránṣẹ́ ju èyí tó kù lọ,
nítorí náà ó fi okùn mi náà di páálí,
mo gbé e jókòó sórí itan nínú bọ́ọ̀sì
bí ọmọ tó ti dàgbà jù fún gbígbé.

Lálẹ́, mo wà ní ìdí ààrò, mo gbọ́ tí Eurico dìde,
tó ń fọwọ́ tá ẹ̀wù rẹ̀ létí.
"Idalina, ta ló wọlé?"
Mo ní, obìnrin tó ń ka ìròyìn ni.
Ó ti rí ẹnu rẹ̀.